Àṣìṣe Ìlà Kẹsàn-án

Àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì ló wà láti ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà dé yàrá òkè níbi tí àwọn oníṣirò ń jókòó sí, Ìyá Àtẹ sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì le, méjì méjì ló ń gùn wọ́n. Lọ́dún yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Á sinmi lórí ìkẹtàlá, á sinmi lórí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, nígbà tó bá sì ku méjì péré, á tún dúró, kí àwọn tó wà lókè má baà gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọmọ àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Adákẹ́, á dúró tì í ní gbogbo ibi ìsinmi wọ̀nyẹn, á máa tú àpò rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́, kó má baà jọ pé ó ń dúró de àgbà.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè rárá, wọ́n á kọ́kọ́ kọjá lẹ́nu yàrá ìdìwé tó wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan ló ń jókòó síbẹ̀ láàárín òkìtì ìwé, tó ń fi okùn dì wọ́n ní ogún ogún. Bàbá Adìwé ni wọ́n ń pè é. Á gbójú sókè, á ní, "Ẹ kú ìgòkè o, Ìyá Àtẹ." Ìyá Àtẹ á dáhùn, ṣùgbọ́n ògiri ló máa ń wò tó bá ń dáhùn.

Iṣẹ́ ilé náà ni ìwé àtẹ: ìwé gbàǹgbà tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ogún ìlà, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òǹkà kan ṣoṣo. Àwọn olùkọ́ ń rà á, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń rà á, àwọn kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ̀rọ tó lè ṣírò kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà. Orí ènìyàn ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti sùúrù.

Òfin ilé náà ni pé ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ ṣe ojú ewé kan, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà débẹ̀, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó sí. Bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ wọlé tọ ẹnì kejì. Tí àwọn méjèèjì bá parí, afiwéra á gbé ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á wò ó bóyá wọ́n bára mu.

Ojú ewé tó wà lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà jẹ́ ti èjì àti ẹ̀ta. Adákẹ́ ló gba ọ̀nà ilẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ilẹ̀, láti ilẹ̀ ni yóò ti máa gun ìlà kọ̀ọ̀kan: yóò fi èjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ níye ìgbà tí ìlà náà bá béèrè, yóò ṣe bákan náà fún ẹ̀ta, yóò sì kó méjèèjì pọ̀. Méjì lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rin, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́sàn-án, àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́tàlá. Ìlà tó tẹ̀lé e, mẹ́jọ àti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, márùndínlógójì nìyẹn. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, nítorí ìlà kan kì í ran ìlà kejì lọ́wọ́.

Ìyá Àtẹ ló gba ọ̀nà ìran. Ní ọ̀nà ìran, òǹkà kọ̀ọ̀kan ní òbí, ìyẹn ìlà tó ṣáájú rẹ̀, ó sì ní òbí àgbà, ìlà tó ṣáájú òbí. Mú ìlọ́po márùn-ún òbí, yọ ìlọ́po mẹ́fà òbí àgbà kúrò nínú rẹ̀, ọmọ dé. Mẹ́tàlá lọ́nà márùn-ún jẹ́ márùndínláàádọ́rin. Yọ ọgbọ̀n kúrò, ìyẹn márùn-ún tó jẹ́ òbí àgbà, lọ́nà mẹ́fà. Ó ku márùndínlógójì. Ibi kan náà ni wọ́n dé.

Ilé ni Adákẹ́ ti kọ́ gbogbo èyí. Àìsàn ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó wọ ilé-ìwé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ sì san, ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti jókòó láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i. Ìyá Àtẹ ń kọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ tó gbẹ, aṣọ kan, ìṣirò kan. Ó máa ń ní kó má bẹ̀rù ìyọkúrò, pé ẹnu wọn ti ń ṣe é kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ta ló ń pe márùndínlógójì tí kì í kọ́kọ́ dé ogójì, kó tó fi márùn-ún padà? Ẹni tó bá lè kọjá ilé rẹ̀, kó sì padà sẹ́yìn láìṣìnà, oníṣirò nìyẹn.

Orin kan wà tí Ìyá Àtẹ fi ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí a bá lè pè é lórin. Nínú àtẹ èjì àti ẹ̀ta, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń yípo láti ìlà kejì lọ: àrún, ẹ̀ta, àrún, èje, àrún, ẹ̀ta, àrún, èje. Bí ìlà kan bá ti parí síbi tí kò yẹ, ó ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ṣì í. Ó ń kùn ún lẹ́nu iṣẹ́, ó ń kùn ún nídìí àwo tó ń fọ̀. Láàárín ọdún mẹ́tàdínlógójì, ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n tíì mú lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọdún mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ ìlà tó kẹ́yìn ojú ewé, níbi tí kò ti sí ọmọ tí yóò jogún wọn.

Òfin kejì wà, Ìyá Àtẹ fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá nígbà tó ṣì ń fi méjì méjì gun àtẹ̀gùn. Ẹni tí wọ́n bá rí ìlà mẹ́ta tó ṣì lójú ewé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó lórí àga oníṣirò mọ́. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ, sídìí okùn. Ó ní ẹni tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta ń sùn ni, tàbí kí orí rẹ̀ ti rẹ̀. Gbogbo ẹni tí òfin náà mú ló ń ní ẹ̀ẹ̀kan lòun ṣì í, pé àwọn ìlà yòókù jogún rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè mọ ọmọ tó jogún ìbàjẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́? Àtiṣe ojú ewé kan lẹ́ẹ̀kejì láti fi wádìí, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Nítorí náà, wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ yẹn. Bàbá Adìwé sọ tirẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, nígbà tí wọn ò tíì máa pè é ní Bàbá Adìwé. Ìlà méje ni. Ìyá Àtẹ ló fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, afiwéra gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀. Ọkùnrin apárí kan ni, ẹgbẹ́ Ìyá Àtẹ lọ́jọ́ orí, tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Wòyíwòyẹn. Á fi ìka ọ̀tún sórí ìwé kan, ìka òsì sórí èkejì, orí á máa lọ, á máa bọ̀ bí ẹni tó ń wo ìjà. Ó máa ń fi Ìyá Àtẹ àti Adákẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ pé inú ilé kan ni wọ́n ń sùn, inú ìkòkò kan ni wọ́n ti ń jẹun, tí òǹkà wọn ò bá wá bára mu, ta ni kí òun lọ bi?

Lọ́jọ́ náà, ó ń ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi dé ìlà kẹsàn-án. Níbẹ̀ ni ìka rẹ̀ méjèèjì ti dúró.

Ìwé Ìyá Àtẹ ní 6827. Ìwé Adákẹ́ ní 6817.

Wòyíwòyẹn fa bébà kan, ó ṣe ìlà náà fúnra rẹ̀ láti ilẹ̀: 256, kó o pọ̀ mọ́ 6561. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó mú pẹ́ńsù pupa, ó fi àmì sí ìlà kẹsàn-án lára ìwé Ìyá Àtẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìkẹwàá, ó fi àmì síbẹ̀. Ó fi sí ìkọkànlá. Ó ń fi í sí i lọ bẹ́ẹ̀, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, títí ó fi dé ogún.

"Méjìlá," ó ní.

Ìyá Àtẹ kò jiyàn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un wọ̀, ó wo àwọn àmì pupa náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, Adákẹ́ sì mọ ohun tó ń sọ: àrún, ẹ̀ta, àrún, èje. Gbogbo ìlà náà ló parí síbi tó yẹ. Ìyẹn gan-an ló bà á nínú jẹ́ jù. Olùṣọ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, olè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀méjìlá, kò sì fọhùn.

Wòyíwòyẹn ní aago méjì lòun máa gbé e lọ fún Ọ̀gá, pé kò sí ohun tóun lè ṣe sí i. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nílé aláìsàn.

Ìyá Àtẹ wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ẹrù náà ò pọ̀: tìmùtìmù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán sórí àga, ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, aṣọ òtútù tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Adákẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó yẹ kó fi ọwọ́ sí. Ìwé tirẹ̀ ló dá Ìyá Àtẹ lẹ́bi. Ó dàbí ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìbọn, tó wá yìn ín sí ẹni tó kọ́ ọ.

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára màmá tiwa nìyẹn," Ìyá Àtẹ ní, láì yíjú padà. "Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé ọ̀nà ilé. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, wọ́n ń pè mí ní 'obìnrin yìí.' Èmi ọmọ wọn."

"Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, màá ní àárẹ̀ ni. Ó ti ń rẹ̀ mí tipẹ́, mo mọ àárẹ̀. Ṣùgbọ́n méjìlá, ọmọ mi? Méjìlá kì í ṣe àárẹ̀. Orí mi ló ń lọ."

Ó jókòó sórí àga tí kò ní tìmùtìmù mọ́. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo irinṣẹ́ tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò, tó sì kù díẹ̀ kó dá a padà.

Aago ń lọ sí méjìlá ọ̀sán. Adákẹ́ padà lọ bá Wòyíwòyẹn, ó nawọ́ sí ìwé méjèèjì. Ọkùnrin náà ní kò tọ́, pé ìwé tí òun ti fi àmì sí kì í kúrò lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló wo ojú ọmọbìnrin náà, ó ní òun ń lọ jẹun, pé tóun bá ń jẹun, òun kì í rí nǹkan.

Adákẹ́ kò mọ ohun tó ń wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló máa gbà á láti tún gbogbo ìlà méjìlá ṣe ní ọ̀nà ìran, wákàtí méjì ló sì ní. Ohun kan ṣoṣo tọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe ni ìyọkúrò, ló bá ń yọ ìwé kan nínú èkejì, ìlà dé ìlà, ó ń kọ ìyàtọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà kẹsàn-án, 10. Ìkẹwàá, 50. Ìkọkànlá, 190. Ìkejìlá, 650. Ìkẹtàlá, 2110. Ìkẹrìnlá, 6650.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé òdo ló parí gbogbo wọn. Àṣé ohun tó jẹ́ kí orin náà dákẹ́ nìyí. Orin náà, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nìkan ló ń ṣọ́. Tí mẹ́wàá bá bọ́ tàbí tó lé, ìdí ìlà kò ní mì. Ilẹ̀kùn iwájú ni Ìyá Àtẹ ń tì láti ọjọ́ yìí, ilé sì ní fèrèsé.

Ó pa òdo náà tì. Ó ku 1, 5, 19, 65, 211, 665. Ó wò wọ́n títí. Kò pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó máa ń sọ nídìí aṣọ tó gbẹ, láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́: márùn-ún lọ́nà márùn-ún jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n, yọ mẹ́fà, mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógún lọ́nà márùn-ún jẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún, yọ ọgbọ̀n, márùndínláàádọ́rin. Ó dìde lórí àga, ó tún jókòó.

Àṣìṣe náà ní òbí. Ó ní òbí àgbà. Ìlọ́po márùn-ún, yọ ìlọ́po mẹ́fà, bákan náà bí àtẹ fúnra rẹ̀. Ó tún gbé e gba ọ̀nà ilẹ̀, ibẹ̀ náà ló dé: mẹ́sàn-án yọ mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yọ mẹ́jọ, mọ́kàndínlógún. Ó tẹ̀ lé e dé ìlà ogún, kò sí ibi tí okùn náà ti já. Bẹ́ẹ̀, ká ní ọwọ́ Ìyá Àtẹ tún ti ṣì níbì kan, ìbáà ṣe pẹ̀lú ẹyọ kan, ibẹ̀ ni okùn náà ì bá ti já.

Ó wá tú ìwé tí Ìyá Àtẹ fi ń dán ìṣirò wò, ó rí ìlà kẹsàn-án: 11575 yọ 4758. Márùn-ún kò gba mẹ́jọ, ó yá ẹyọ kan lọ́wọ́ èje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣe tibẹ̀ tán, ó sì gbàgbé pé òun ti yá a. Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àmì ìdí ife kan wà, yípo, àwọ̀ tíì. Adákẹ́ mọ àmì náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbọ́ tí Ìyá Àtẹ ń húkọ́, ló bá rọra wọlé láìbìkítà fún òfin, ó gbé tíì kalẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ mu èyí," ó jáde.

Nígbà tí aago lu méjì, Ọ̀gá ti ń ṣí pẹ́ẹ̀nì rẹ̀. Ọmọ ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, ó kéré sí Ìyá Àtẹ lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún, Ìyá Àtẹ ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àtẹ. Ojú rẹ̀ kò gbé e láti wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọpẹ́, nípa iṣẹ́ takuntakun, nípa bó ṣe jẹ́ pé òfin ni òfin. Ìyá Àtẹ ń mi orí sí i bí ẹni tó fẹ́ kó yára parí, kóun lè lọ jókòó.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣì í, sà."

Gbogbo wọn yíjú. Ọdún kẹrin nìyẹn tí Adákẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Ọ̀gá ò sì dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Wòyíwòyẹn tiẹ̀ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bóyá ẹlòmíràn ló wọlé.

"Kí lo wí?"

"Ìlà kẹsàn-án nìkan ni, sà. Àwọn mọ́kànlá tó kù, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn, látìgbà ayé bàbá òun. Adákẹ́ tẹ́ bébà tó kọ ìyàtọ̀ sí síwájú rẹ̀, ó ní kó mú ìlà tó bá wù ú. Ọ̀gá fi ìka sórí 211. Adákẹ́ ní kó wo òbí rẹ̀, 65, àti òbí àgbà rẹ̀, 19, kó ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe àtẹ. Ọ̀gá ṣe é, ètè rẹ̀ ń mì: 325, yọ 114. Ó gbé ìka sókè, ó mú ìlà mìíràn, ó ṣe é. Ó mú ìkẹta. Lẹ́yìn náà ó dé pẹ́ẹ̀nì rẹ̀.

"Ẹni tó ń sùn ò lè ṣe báyìí," ó ní.

"Ẹni tí orí rẹ̀ ń lọ náà ò lè ṣe é," Adákẹ́ ní. Kì í ṣe Ọ̀gá ló ń wò tó fi sọ èyí.

Ìyá Àtẹ na ọwọ́, ó gba bébà náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rò pé yóò rẹ́rìn-ín, Wòyíwòyẹn tiẹ̀ ti ya ẹnu sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò tú ká. Ó dàbí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kan kúrò lórí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé òmíràn tó wúwo jù ú lọ kà á láyà.

"Ìwé ti Bàbá Adìwé," ó ní. "Ó ṣì wà?"

Kò sí ìwé tí Wòyíwòyẹn sọ nù rí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú u títí ekuru fi bo apárí rẹ̀, ó sì mú ojú ewé kan tó ti pọ́n jáde. Ti èjì àti àrún ni: ìlọ́po méje òbí, yọ ìlọ́po mẹ́wàá òbí àgbà. Àmì pupa méje, àti nísàlẹ̀ wọn, òǹkà 7 pẹ̀lú ìfọwọ́sí Ìyá Àtẹ, ìfọwọ́sí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le. Ìwé ọ̀nà ilẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá Àtẹ fúnra rẹ̀ ló yọ ìyàtọ̀ wọn. 100. 700. 3900. Kò dúró níbẹ̀, ó ṣe é dé ìlà keje, bẹ́ẹ̀, láti ìlà kẹta ló ti mọ̀.

Ọ̀gá ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé. Ìyá Àtẹ ní ọdún mẹ́rìndínlógún ti tó. Ó ní tí àtẹ̀gùn ò bá pa òun láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò ní pa òun láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Adákẹ́ mú ìwé náà tẹ̀ lé e. Ní yàrá ìdìwé, Bàbá Adìwé ń fi eyín fa okùn le. Nígbà tó rí wọn, ó tu okùn náà sílẹ̀.

"Ìyá Àtẹ," ó ní, "àbí wọ́n ti lé ẹ̀yin náà wá bá mi? Òkìtì tó wà lápá ibẹ̀ yẹn rọ̀ díẹ̀, ẹ jókòó lé e."

Ìyá Àtẹ jókòó lórí òkìtì náà lóòótọ́. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Adákẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún.

"Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ṣì í," ó ní. "Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀méje."

Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ wo ìwé. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ìsàlẹ̀ níbí ni mo ti mọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ máa fi orí ṣe? Ẹ̀yìn páálí ni mo ti ṣe é."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá sọ?"

"Kí n sọ fún ta?" Kò bínú sí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ìwé tó wà nínú òkìtì. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ta ló ń bá Ìyá Àtẹ jiyàn òǹkà? Àràárọ̀ ni mo sì ń kí yín, ògiri lẹ máa ń wò."

Ìyá Àtẹ ní Ọ̀gá kò ní kọ̀ bóun bá ní kó padà sórí àga. Bàbá Adìwé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n rí i, ìka rẹ̀ ti wọ́ bí okùn tó ń dì. Ó ní ojú òun ti lọ, pé òun ò lè mọ 3 yàtọ̀ sí 8 mọ́, àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì yẹn sì ti pẹ́ tó ti gbàgbé òun.

"Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pa méje yẹn rẹ́," ó ní.

Adákẹ́ mú pẹ́ńsù pupa jáde. Ìyá Àtẹ fa ìlà sórí 7 tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ó kọ 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fún un ní ẹsẹ̀ tó dúró dáadáa," Bàbá Adìwé ní, "kí wọ́n má baà tún kà á sí méje."

Ìyá Àtẹ tún un kọ, ó tóbi. Ó fọwọ́ sí i. Ó tún ṣe bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti mú okùn rẹ̀, ó ń wá orí rẹ̀ tó sọ nù sínú òkìtì. Adákẹ́ tẹ̀ ba, ó bá a mú un jáde.

"Ènìyàn márùn-ún ni òfin mi ti mú," Ìyá Àtẹ ní nígbà tí wọ́n bọ́ síta. "Mẹ́ta ti kú. Ọ̀kan kó lọ, n kò mọ ibi tó wà. Sọ fún Wòyíwòyẹn kó gbé gbogbo ìwé wọn sórí tábìlì mi. Lónìí."

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ sinmi?"

"Màá sinmi lórí àtẹ̀gùn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lórí ìkẹtàlá, Ìyá Àtẹ dúró, ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Adákẹ́ náà dúró. Lọ́tẹ̀ yìí kò tú àpò.

"Màmá," ó ní, "lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣe ìlà kẹsàn-án, èmi ni mo gbé tíì wọlé. Àmì ife wà lára ìwé."

Ìyá Àtẹ ń mí.

"Mo rí i," ó ní. "Ọ̀fun mi ti gbẹ lọ́jọ́ náà."

Ó wo òkè. Ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n.